Ayékòótọ́ Wọ Fásitì: Ẹ̀kọ́ Ìbánisọ̀rọ̀ àti Iṣẹ́ Ìròyìn ní Ilẹ̀ Ìjẹ̀bú

Ẹ̀kọ́ ìbánisọ̀rọ̀ àti iṣẹ́ ìròyìn, èyí tí àwọn fásitì Nàìjíríà ń pè ní Mass Communication, jẹ́ ẹ̀kọ́ nípa bí ọ̀rọ̀ ṣe ń kúrò lẹ́nu ẹnì kan tàbí ilé iṣẹ́ kan, tí ó ń gba inú ìwé ìròyìn, rédíò, tẹlifíṣọ̀n tàbí fóònù kọjá dé ọ̀dọ̀ ọ̀pọ̀ ènìyàn, àti nípa ohun tí ọ̀rọ̀ náà ń ṣe lọ́kàn àwọn tí ó gbọ́ ọ. Ọmọ Ayépé, ní ìjọba ìbílẹ̀ Odògbólú, tí ó bá fẹ́ kọ́ ẹ̀kọ́ yìí ní fásitì ìjọba kò ní láti kúrò ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, nítorí pé ẹ̀ka ẹ̀kọ́ náà wà ní Fásitì Ọlábísí Ọnàbánjọ ní Àgọ́-Ìwòyè, èyí tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Ògùn dá sílẹ̀ ní ọjọ́ 7 oṣù Keje ọdún 1982.

Orúkọ tí fásitì náà ń jẹ́ láti ọdún 2001 bá ẹ̀kọ́ yìí mu, nítorí pé oníròyìn ni Olóyè Ọlábísí Ọnàbánjọ kí ó tó di gómìnà tí ó dá a sílẹ̀. Ní ọdún 1950, ó ní láti ré òkun kọjá lọ sí Regent Street Polytechnic ní Lọ́ńdọ̀nù, tí ó ti di Yunifásítì Westminster lónìí, kí ó tó lè jókòó níwájú olùkọ́ kọ́ iṣẹ́ ìròyìn, torí pé kò sí fásitì kankan ní Nàìjíríà tí ó ń kọ́ni níṣẹ́ náà nígbà náà. Nígbà tí ó padà wálé, ó ń kọ èrò rẹ̀ sínú Daily Service àti Daily Express lábẹ́ orúkọ Ayékòótọ́, orúkọ odídẹrẹ́, ẹyẹ tí ń sọ ohun tí ó bá gbọ́ láìfi ọ̀kan bò, tí ayé sì ń kọ òótọ́ ẹnu rẹ̀.

Pípẹ́ tí irú ẹ̀kọ́ yìí pẹ́ kó tó dé fásitì kì í ṣe nítorí pé iṣẹ́ ìròyìn jẹ́ àjèjì nílẹ̀ yìí. Abẹ́òkúta, tí ó jẹ́ olú ìlú Ìpínlẹ̀ Ògùn lónìí, ni míṣọ́nnárì Henry Townsend ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ Ìwé Ìròyìn fún àwọn ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá jáde ní ọdún 1859, ní èdè Yorùbá, ṣùgbọ́n fún ohun tí ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn náà, ẹni tí ó bá fẹ́ di akọ̀ròyìn ń kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gá ni, bí ọmọ iṣẹ́ télọ̀ ṣe ń kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ télọ̀. Ọdún 1961 ni Yunifásítì Nàìjíríà ní Nsukka kọ́kọ́ gbé ẹ̀kọ́ náà kalẹ̀, tí Fásitì Èkó sì tẹ̀ lé e ní ọdún 1966.

Ẹni tí ó bá fẹ́ wọlé gbọ́dọ̀ ní kírẹ́díìtì márùn-ún nínú ìdánwò àṣekágbá ilé ẹ̀kọ́ girama, kí èdè Gẹ̀ẹ́sì sì wà nínú wọn, kí ó sì yege nínú ìdánwò àṣewọlé JAMB. Ọdún mẹ́rin ni ẹ̀kọ́ náà ń gbà. Nínú àkókò yìí, akẹ́kọ̀ọ́ ń jókòó nínú kíláàsì, ó ń lọ kọ́ṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ ìròyìn, ó sì ń fi ìwádìí tí òun fúnra rẹ̀ ṣe kádìí rẹ̀. Àjọ NUC, tí ó ń mójú tó àwọn fásitì, ti wá la ẹ̀kọ́ náà sí ọ̀nà méje, tí iṣẹ́ akọ̀ròyìn, iṣẹ́ rédíò àti tẹlifíṣọ̀n, ìpolówó ọjà, eré sinimá, àti iṣẹ́ alukoro, ìyẹn ẹni tí ń ṣe agbẹnusọ láàárín ilé iṣẹ́ àti aráàlú, wà lára wọn.

Ohun tí ó máa ń ya ọ̀pọ̀ òbí lẹ́nu ni pé ẹ̀kọ́ náà ní ìjìnlẹ̀ tirẹ̀, tí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ká gbóhùn lórí afẹ́fẹ́ nìkan. Ní ọdún 1948, Harold Lasswell, ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà, sọ pé ẹni tí ó bá fẹ́ yẹ ìbánisọ̀rọ̀ wò gbọ́dọ̀ bi í ní ìbéèrè márùn-ún: ta ni ó sọ ọ́, kí ni ó sọ, ọ̀nà wo ni ó gbà sọ ọ́, ta ni ó sọ ọ́ fún, kí sì ni àbájáde rẹ̀. Bí a bá gbé àrokò, tí àwọn Ìjẹ̀bú àtijọ́ mọ̀ dáadáa, ka orí ìbéèrè wọ̀nyí, kò sí èyí tí kò ní ìdáhùn. Ìjòyè tí ó so owó ẹyọ mẹ́fà mọ́ okùn, tí ó sì fi rán ìránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ rẹ̀, ń sọ pé ọkàn òun fà sí i, nítorí pé fífà wà nínú ẹ̀fà. Bí ó bá jẹ́ mẹ́jọ ni ó so, ó ń sọ pé èrò àwọn méjèèjì jọ. Okùn ni ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ náà gbà, ẹni tí ó mọ èdè náà nìkan ni ó sì lè tú u. Frank Ugboajah, tí ó jẹ́ olùkọ́ ní Fásitì Èkó, ni ó fún irú ìbánisọ̀rọ̀ ìbílẹ̀ yìí lórúkọ nínú ìmọ̀ náà, tí ó pè é ní oramedia, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ má baà rò pé ọjọ́ tí rédíò dé ni ènìyàn dúdú bẹ̀rẹ̀ sí í ránṣẹ́ síra wọn.

Níbi tí ẹ̀kọ́ náà ti le jù ni kíkọ ìròyìn gan-an. Bí iná bá jó ṣọ́ọ̀bù nínú ọjà lóru, akẹ́kọ̀ọ́ tí a bá rán lọ gbọ́dọ̀ mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀, ẹni tí ó ṣẹlẹ̀ sí, ibi tí ó ti ṣẹlẹ̀, ìgbà tí ó ṣẹlẹ̀, ohun tí ó fà á àti bí ó ṣe ṣẹlẹ̀. Ẹni àkọ́kọ́ tí ó bá pàdé lè ní ogún ṣọ́ọ̀bù ni ó jóná, ìyálọ́jà lè ní méjìlá ni, kí àwọn panápaná sì ní mẹ́sàn-án ni. Iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ náà ni láti wọ inú eérú lọ, kí ó fi ojú ara rẹ̀ ka ilẹ̀kùn tí iná jó lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ó sì kọ ẹni tí ó sọ iye kọ̀ọ̀kan sílẹ̀. Bí ó bá jókòó láti kọ ọ́, kókó ọ̀rọ̀ ni yóò kọ́kọ́ wá, àlàyé yóò sì tẹ̀ lé e, tó fi jẹ́ pé bí olóòtú bá gé ìsàlẹ̀ rẹ̀ kúrò nítorí àyè, òǹkàwé kò ní pàdánù ohun tí ó ṣe pàtàkì.

Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni a fi ń kọ́ni ní gbogbo èyí, bẹ́ẹ̀ èdè Yorùbá ni ọ̀pọ̀ àwọn tí ó ń tẹ́tí sí rédíò ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ń retí. Òǹkàwé ìròyìn tí ó bá rí 350 lójú ìwé gbọ́dọ̀ lè sọ ọ̀ọ́dúnrún ó lé àádọ́ta láìdúró, ó sì gbọ́dọ̀ mọ̀ pé bí òun bá gbé ohùn sókè níbi tí ó yẹ kí ó rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, ọkọ̀ yóò di ọkọ́, ìròyìn yóò sì dàrú. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá gbọ́ Yorùbá jinlẹ̀, tí ó sì lè fi àmì sí i, ní oúnjẹ lẹ́nu iṣẹ́ yìí, bí ìwé ìròyìn Aláròyé àti àwọn ilé iṣẹ́ rédíò tí ń fi èdè wa sọ̀rọ̀ ṣe ń fi hàn. Ó yẹ kí àwọn fásitì ìjọba ilẹ̀ Yorùbá fún èdè náà ní àyè tí ó tọ́ sí i nínú ẹ̀kọ́ yìí.

Fásitì ìjọba ní ìṣòro tirẹ̀. Ìyanṣẹ́lódì àwọn olùkọ́ lábẹ́ ASUU ní ọdún 2022 gba oṣù mẹ́jọ, ẹ̀rọ ayàwòrán àti yàrá ìgbóhùnsílẹ̀ kì í sì í sábà kárí àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Síbẹ̀, níbẹ̀ ni ọmọ àgbẹ̀ àti ọmọ aláte ti lè kọ́ ohun tí Ọnàbánjọ ré òkun kọjá lọ kọ́, èyí ni ó sì fi yẹ kí ìjọba ra ẹ̀rọ síbẹ̀, kí ó sì san owó olùkọ́ lásìkò.

Lónìí, ẹni tí ó ní fóònù lọ́wọ́ lè kéde ogún ṣọ́ọ̀bù fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn kí eérú tó tutù. Ẹyin lọ̀rọ̀, bí ó bá bọ́, kò ṣé kó. Nítorí náà, ohun tí ọdún mẹ́rin ní Àgọ́-Ìwòyè wà fún ni láti tọ́ ẹni tí yóò ka ilẹ̀kùn náà dé orí mẹ́sàn-án, tí yóò sì sọ mẹ́sàn-án, bí ayé tilẹ̀ fẹ́ gbọ́ ogún.