Lọ́yà gbowó tán, ẹjọ́ kò dé kóòtù: ohun tí akanda ẹ̀dá tí kò lówó lọ́wọ́ lè ṣe rèé

Ọ̀rọ̀ lọ́yà tó gbowó tán tí kò gbé fóònù mọ́ kì í ṣe tuntun nílẹ̀ wa. Kì í ṣe gbogbo lọ́yà ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ o. Ṣùgbọ́n tó bá ṣẹlẹ̀, ẹni tó lówó, tára rẹ̀ sì le, á wọ mọ́tò lọ bá a ní ọ́fíìsì. Akanda ẹ̀dá tó jẹ́ pé owó oúnjẹ òòjọ́ ló ń rí ńkọ́?

Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ kan ṣàlàyé. Ká ní ọkùnrin kan ń ṣe ṣọbàtà ní Ọ̀gbẹ̀sẹ̀, lẹ́bàá títì Àkúrẹ́ sí Ọ̀wọ̀, tó sì ń fi ọ̀pá méjì rìn. Tírélà tó kó gẹdú ya wọ ìsọ̀ rẹ̀, ó ba irinṣẹ́ jẹ́, ó sì ṣe òun náà léṣe. Lọ́yà kan ní Àkúrẹ́ ní òun á bá a pe ilé iṣẹ́ tó ni ọkọ̀ náà lẹ́jọ́. Ó yáwó, ó san án lówó lọ́wọ́, kò gba rìsíìtì. Oṣù mẹ́jọ kọjá, "ẹjọ́ ti wà ní kóòtù" ni wọ́n ṣáà ń sọ fún un. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni ọ́fíìsì wà. Nígbà tó lọ, ìsàlẹ̀ ló jókòó sí títí, ẹnikẹ́ni kò sọ̀kalẹ̀ wá bá a.

Òfin tó lè gbè é wà. Ìwé tó máa fi gbá òfin náà mú ni kò sí lọ́wọ́ rẹ̀.

Ṣé ó yẹ kó sanwó rárá?

Ó ṣeé ṣe kó má yẹ. Ìjọba àpapọ̀ ní àjọ kan tí wọ́n ń pè ní Legal Aid Council. Ọdún 1976 ni wọ́n dá a sílẹ̀, òfin ọdún 2011 ló sì ń tọ́ ọ báyìí. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti gba ẹjọ́ tálákà rò lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni tí owó tó ń wọlé fún un kò bá ju owó oṣù tó kéré jù lọ lórílẹ̀-èdè yìí lọ ni òfin ní kí wọ́n ràn lọ́wọ́. Láti ọdún 2024, ₦70,000 ni owó náà. Kì í ṣe gbogbo ẹjọ́ ni wọ́n ń gbà, ṣùgbọ́n ẹjọ́ ìjàǹbá ọkọ̀ àti ẹjọ́ ẹni tí wọ́n tẹ ẹ̀tọ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀ wà lára rẹ̀. Àjọ yìí ní ọ́fíìsì ní Àkúrẹ́. Ibẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ kí ẹ tó yáwó.

Tó bá di dandan kí ẹ sanwó

Ẹ bi lọ́yà ní ìbéèrè mẹ́ta: èló ni owó iṣẹ́ yín? Èló ni owó tí kóòtù máa gbà? Ṣé màá tún máa sanwó ní gbogbo ọjọ́ tí ẹ bá yọjú sí kóòtù? Ẹ ní kó kọ ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀, kó sì fọwọ́ sí i. Ẹ san owó láti báńkì, kí ẹ sì gba rìsíìtì. Ẹ má tẹ̀ka sí ìwé tí wọn kò tíì kà sí yín létí ní Yorùbá.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ pé ẹjọ́ ti wà ní kóòtù lóòótọ́?

Ẹ béèrè nọ́ńbà ẹjọ́. Gbogbo ẹjọ́ tí wọ́n bá pè ló ní nọ́ńbà tirẹ̀. Tó bá jẹ́ ní ilé ẹjọ́ gíga Àkúrẹ́, AK ló sábà máa ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ gba ẹ̀dà ìwé ìpẹ̀jọ́ náà, kí ẹ wò ó bóyá òǹtẹ̀ kóòtù wà lára rẹ̀, àti èdìdì NBA tó ní orúkọ lọ́yà. Akanda ẹ̀dá kò nílò láti lọ fúnra rẹ̀. Ó lè fi nọ́ńbà náà rán ọmọ tàbí àbúrò rẹ̀ sí ọ́fíìsì rẹ́jísítìrì ní kóòtù láti béèrè ibi tí ẹjọ́ dé àti ọjọ́ tí wọ́n sún un sí.

Èyí dáa fún lọ́yà náà pẹ̀lú, torí ìdádúró ẹjọ́ kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀ nígbà gbogbo. Àmọ́ tí kò bá sí nọ́ńbà lẹ́yìn oṣù mẹ́jọ, ẹ tètè wá nǹkan ṣe. Òfin máa ń dá gbèdéke fún pípe ẹjọ́. Bí àpẹẹrẹ, oṣù mẹ́ta péré ni òfin tó ń dáàbò bo òṣìṣẹ́ ìjọba fún ẹni tó bá fẹ́ pè wọ́n lẹ́jọ́ lórí iṣẹ́ wọn.

Tí lọ́yà kò bá ṣiṣẹ́ ńkọ́?

Ẹ kọ lẹ́tà sí i, kí ẹ dá ọjọ́ tí ẹ fẹ́ gbọ́ èsì, kí ẹ sì tọ́jú ẹ̀dà kan. Ẹ lè gba ẹjọ́ yín kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ kí ẹ gbé e fún ẹlòmíràn. Tó bá ní ẹ jẹ òun lówó, kò lè pè yín lẹ́jọ́ lórí rẹ̀ láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ kọ iye náà sínú ìwé fún yín, tí oṣù kan sì ti kọjá.

Lẹ́yìn náà, ẹ kọ̀wé ẹ̀sùn sí ẹgbẹ́ àwọn agbẹjọ́rò, NBA. Wọ́n ní ẹ̀ka ní Àkúrẹ́ àti ní ìlú Oǹdó. Ẹ̀sùn tó bá lágbára lè dé ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ LPDC tó ń bá lọ́yà wí. Ìgbìmọ̀ yìí lè kìlọ̀ fún lọ́yà, ó lè dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́, ó sì lè pàṣẹ pé kí wọ́n yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú ìwé àwọn agbẹjọ́rò. Ó tún lè ní kó dá owó àti ìwé oníbàárà padà. Rìsíìtì, àtẹ̀jíṣẹ́ WhatsApp àti lẹ́tà yín ni ẹ̀rí.

Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì yẹn náà ńkọ́?

Ní oṣù Kínní ọdún 2019 ni Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí òfin tó ka yíyan akanda ẹ̀dá nípọ̀sì léèwọ̀. Ìtanràn ₦100,000 tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà wà fún ẹni tó bá rú u, mílíọ̀nù kan náírà sì ni fún ilé iṣẹ́. Òfin náà fi ọdún márùn-ún sílẹ̀ kí wọ́n fi tún àwọn ilé tí ará ìlú ń lò ṣe, kí akanda ẹ̀dá lè rọ́nà wọlé. Ọdún márùn-ún náà ti pé láti oṣù Kínní 2024. Nítorí náà, kì í ṣe àánú lẹ ń tọrọ tí ẹ bá ní kí lọ́yà sọ̀kalẹ̀ wá bá yín.

Tí ẹ bá mọ akanda ẹ̀dá tó ní ẹjọ́ lọ́wọ́, ẹ ka èyí sí i létí. Kí ẹ tó kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀, ẹ bi í bóyá nọ́ńbà ẹjọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀.