Bí Ẹyẹ Ti Ń Ṣọ́ Agbára Ná

Nígbà tí òjò bá dáwọ́ dúró, tí ọyẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́, àwọn lékèélékèé a tún yọ lójú ọ̀run Kẹ́mta ní ìlú Abẹ́òkúta. Àwọn ọmọdé a na èékánná sókè, kí ẹyẹ náà lè bá wọn sọ ọ́ di funfun. Ṣùgbọ́n díẹ̀ nínú wọn ni í bèèrè ibi tí àlejò aláṣọ funfun yìí ti ń bọ̀. Òkè Ọya ni. Ibẹ̀ ni púpọ̀ nínú wọn ti í pamọ nígbà òjò.

Ọ̀nà náà jìn, fífò kì í sì í ṣe iṣẹ́ kékeré. Ẹyẹ tí ó ń ju apá ń ná agbára ní ọ̀pọ̀ ìlọ́po ju èyí tí ó bà sórí igi lọ. Ọkọ̀ tí epo rẹ̀ tán lójú ọ̀nà lè dúró de ẹni tí yóò bu epo wá fún un. Ta ni yóò bu epo lọ fún ẹyẹ lójú ọ̀run?

Ọgbọ́n ti àwòdì ni ó hàn jù lọ fún ará Abẹ́òkúta. Ní òwúrọ̀, a máa jókòó jẹ́ẹ́ lórí igi bí ọ̀lẹ. Kì í ṣe ọ̀lẹ. Oòrùn ni ó ń dúró dè. Bí oòrùn bá ti mú, àpáta Olúmọ àti òrùlé páànù a gbóná ju igbó lọ. Afẹ́fẹ́ orí wọn a gbóná, a fúyẹ́, a sì máa ròkè. Inú afẹ́fẹ́ yìí ni àwòdì í na apá sí, tí í máa yí po títí ojú kò fi ní fẹ́rẹ̀ẹ́ rí i mọ́, tí kò sì ní ju apá púpọ̀. Láti òkè náà ni yóò ti rọra yọ̀ lọ sí ibi tí afẹ́fẹ́ mìíràn ti ń gòkè. Ẹni tí ó bá rò pé eré lásán ni àwòdì ń ṣe nígbà tí ó bá ń rà bàbà, ó ṣì í rò.

Lékèélékèé kò ní irú apá bẹ́ẹ̀; orí ilẹ̀ ni ó ti ń dín ìnáwó tirẹ̀ kù. Ẹ̀yìn màlúù ni í tẹ̀ lé, kí pátákò màlúù lè lé tata jáde fún un láti inú koríko.

Ti alápàńdẹ̀dẹ̀ ni ó le jù. Àwọn kan nínú wọn ń ti Yúróòpù wá lo ẹ̀ẹ̀rùn ní Nàìjíríà, aṣálẹ̀ Sàhárà tí ó ju 1,500 kìlómítà lọ ní ìbú sì dábùú ọ̀nà wọn. Ẹyẹ yìí kò wúwo ju nǹkan bí 20 gíráàmù lọ. Kí ó tó gbéra, ó ní láti jẹun títí ọ̀rá yóò fi gbára jọ sábẹ́ awọ rẹ̀. Bí ìwọ̀n ọ̀rá àti ti gàrí gbígbẹ bá dọ́gba, agbára inú ọ̀rá ju ìlọ́po méjì ti gàrí lọ. Bí ara sì ti ń lò ó ni omi díẹ̀ ń ti inú rẹ̀ jáde. Ṣùgbọ́n ẹrù ni ọ̀rá pẹ̀lú. Bí ó bá pọ̀ jù, apá a ná agbára sí i láti gbé e. Bí ó bá kéré jù, yóò tán lójú ọ̀nà, ẹyẹ a bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹran apá ara rẹ̀, títí yóò fi já lulẹ̀ sórí iyanrìn.

Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá rọ̀, tí èsúnsún sì tú jáde, àwọn alápàńdẹ̀dẹ̀ a máa gbé wọn mì lófuurufú láìsinmi, nítorí pé ọjọ́ ìpadàbọ̀ wọn sí Yúróòpù ti kù sí dẹ̀dẹ̀.