Òṣómàáló: Bí Àwọn Oníṣòwò Ìjẹ̀ṣà Ṣe Ń Fara Da Gbèsè

Ẹ jẹ́ kí n ti ọ̀dọ̀ ara mi bẹ̀rẹ̀. Lọ́dún tó kọjá, mo ṣe fídíò ìgbéyàwó fún ẹnì kan níbí ní Òṣogbo. Ó gba iṣẹ́, ó ní owó ń bọ̀. Nígbà tó di oṣù mẹ́ta, kò gbé ìpè mi mọ́. Owó ilé ni mo sì ti fi ra bátìrì kámẹ́rà! Oorun ò kùn mí mọ́. Mo délé ní Iléṣà, mo ròyìn fún bàbá mi àgbà, ẹ̀rín ni wọ́n bú sí: "Oníbàárà kan ṣoṣo?"

Òṣómàáló ni bàbá náà nígbà èwe wọn. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé, n ó lóṣòó síbí, mi ò ní fìdí kanlẹ̀, títí wàá fi san owó mi.

Ẹ wo inú ohun tí ìran wọn ti jáde. Ìbàdàn kó Iléṣà lọ́dún 1870. Ogun Kírìjì bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1877. Wọ́n tọwọ́ bọ̀wé àlàáfíà lọ́dún 1886, síbẹ̀ 1893 ni àwọn ọmọ ogun tó tú ká. Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin dé Òṣogbo lọ́dún 1907, ọjà òkè òkun wá súnmọ́ ilé. Àwọn Ìjẹ̀ṣà di aṣọ lẹ́rù, wọ́n ń kiri rẹ̀ dé abúlé Èkìtì, Àkókó àti ibi tó jìnnà jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Àwìn ni wọ́n ń tà fún àgbẹ̀ tí kò tíì tà kòkó rẹ̀, díẹ̀díẹ̀ ni yóò sì máa san án. Mo ti máa ń rò pé ọkàn líle ni wọ́n fi ń ṣe é. Bàbá ní rárá. Aṣọ àwìn wọ́n ju ti owó ọwọ́ lọ, torí wọ́n ti mọ̀ pé ẹnì kan kò ní san. Wọn kì í kó gbogbo aṣọ fún abúlé kan. Ọmọ ẹbí tó ń kọ́ṣẹ́ wà lẹ́yìn wọn. Èyí tó wọ̀ mí lára jù ni ti alẹ́: nílùú onílùú, àwọn ọmọ Iléṣà máa ń pàdé, ẹni tí wọ́n bú lọ́sàn-án á sọ ọ́, wọn á fi ṣe ẹ̀fẹ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú dáadáa. (Mo bi wọ́n bóyá wọ́n máa ń sunkún. Wọ́n ní kí n bu omi wá.)

Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni mo fẹ́ràn o. Dídójú ti èèyàn níwájú ọmọ rẹ̀ kò dáa. Bàbá gbà bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní bí kòkó ò bá so, àwọn máa ń dúró.

Ní tèmi, mo ń gba ìdajì owó kí n tó gbé kámẹ́rà báyìí, èmi àti ọ̀rẹ́ mẹ́ta tá a jọ ń ṣiṣẹ́ yìí sì ń jẹun pọ̀ lálẹ́ Jímọ́. Mo lọ sílé ẹni tó jẹ mí ní Sátidé. Mi ò lóṣòó, àga ni wọ́n gbé fún mi. Ó san ìdajì. Mo ti sọ ọjọ́ tí n ó padà wá fún un.