Ìrora Ọrùn-Ọwọ́, àti Iṣẹ́ Abẹ Tí A Fi Ń Gé Egungun Apá Kúrú

Ọwọ́ ni irin-iṣẹ́ tí ó ṣáájú ọkọ́ àti àdá. Bí ọkọ́ bá kán, alágbẹ̀dẹ yóò rọ òmíràn. Ṣùgbọ́n bí ọrùn-ọwọ́ bá ń dun àgbẹ̀, ta ni yóò bá a kọ ebè? Nítorí náà ni ó ṣe yẹ kí ẹ̀yin olùkàwé wa mọ̀ nípa irú ìrora kan tí í máa mú ọrùn-ọwọ́ ní ìhà ìka kékeré, àti iṣẹ́ abẹ tí àwọn oníṣègùn ń ṣe sí i.

Egungun méjì ni ó wà nínú apá láti ìgúnpá dé ọrùn-ọwọ́: ọ̀kan ní ìhà àtàǹpàkò, èkejì ní ìhà ìka kékeré. Bí a bá pín ẹrù tí ń gba ọrùn-ọwọ́ kọjá sí ọ̀nà 100, egungun ìhà àtàǹpàkò ń ru nǹkan bí 80, èkejì ń ru nǹkan bí 20. Ṣùgbọ́n bí egungun ìhà ìka kékeré bá fi mìlímítà 2.5 gùn sí i, èyí tí kò tó ìbú ẹyọ àgbàdo kan, ẹrù rẹ̀ yóò di nǹkan bí 40. Palmer àti Werner ní Amẹ́ríkà ni wọ́n fi ìwọ̀n yìí hàn ní ọdún 1984. Egungun tí ó gùn jù bẹ́ẹ̀ a máa gún àwọn egungun wẹ́wẹ́ ọrùn-ọwọ́, a sì máa jẹ kèrékèré tí ó wà láàárín wọn.

A bí ẹlòmíràn bẹ́ẹ̀. Ẹlòmíràn sì ṣubú, ó fi ọwọ́ gbalẹ̀, egungun ìhà àtàǹpàkò ṣẹ́, ó sì kúrú nígbà tí ó so pọ̀. Abraham Colles ti ìlú Dublin ti ṣe àpèjúwe irú ṣíṣẹ́ yìí ní ọdún 1814. Àmì àìsàn náà ni ìrora nígbà tí a bá ń fún aṣọ, tí a bá ń yí kọ́kọ́rọ́, tàbí tí a bá fi àtẹ́lẹwọ́ ti ilẹ̀ láti dìde.

Kì í ṣe abẹ ni a kọ́kọ́ ń sáré sí. Ìsinmi, ìdè tí kì í jẹ́ kí ọrùn-ọwọ́ yí, àti oògùn tí dókítà bá fúnni ni ó ṣáájú. Bí ìrora kò bá lọ lẹ́yìn oṣù mélòó kan, tí àwòrán egungun sì fi ìdí rẹ̀ hàn, nígbà náà ni a óò sọ ti abẹ. Henry Milch ní New York ni ó kọ̀wé nípa rẹ̀ ní ọdún 1941. A óò gé díẹ̀ kúrò nínú egungun tí ó gùn náà, nígbà púpọ̀ mìlímítà 2 sí 5. A óò pa ẹnu rẹ̀ méjèèjì pọ̀, a óò sì fi irin pẹlẹbẹ àti ìṣó tí a ń yí wọlé dè é.

Èso rẹ̀ dára fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn: ìrora a dínkù, agbára ìdìmú a sì padà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni ìrora ń fi sílẹ̀ pátápátá, iṣẹ́ náà sì ní ewu tirẹ̀.

Èkínní, egungun lè pẹ́ kí ó tó so, tàbí kí ó kọ̀ láti so, kí a sì tún abẹ ṣe. Ewu yìí pọ̀ jù lọ́dọ̀ ẹni tí ń mu sìgá.

Èkejì, irin náà sún mọ́ awọ ara, ó sì lè máa dunni. Ọ̀pọ̀ ni ó padà lọ yọ ọ́. Ihò tí ìṣó fi sílẹ̀ a máa sọ egungun di aláìlágbára fún ìgbà díẹ̀, ó sì lè tún ṣẹ́ bí a bá yára gbé ẹrù.

Ẹ̀kẹta, bí a bá gé e jù, oríkèé tí egungun méjèèjì ti pàdé lè bàjẹ́. Bí oríkèé náà bá ti jẹ tẹ́lẹ̀, ó lè jẹ́ pé iṣẹ́ abẹ mìíràn ni ó yẹ.

Ẹ̀kẹrin, ojú abẹ lè gbọyún, tàbí kí iṣan ìmọ̀lára fara pa, kí ẹ̀yìn ọwọ́ sì máa kú tipiri.

Ẹ̀yin àgbẹ̀, ẹ ka oṣù kí ẹ tó gbà. Egungun sábà máa ń gba oṣù méjì sí mẹ́rin kí ó tó so, nígbà mìíràn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ má ṣe fi iṣẹ́ abẹ sí ẹnu àkókò kíkọ ebè, àfi bí ẹ bá ti rí ẹni tí yóò bá yín ro oko. Ẹ fi sìgá àti tábà sílẹ̀ ṣáájú. Ẹ bi dókítà léèrè pé: Mélòó ni ẹ óò gé? Ìgbà wo ni mo lè di ọkọ́ mú? Ṣé a óò yọ irin náà? Lẹ́yìn abẹ, ẹ má ṣe gbé ẹrù wúwo títí àwòrán yóò fi fi hàn pé egungun ti so. Bí ara bá gbóná, bí ojú abẹ bá wú tàbí tí ó ń sun omi, ẹ má ṣe dúró di ọjọ́ kejì.

Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ọlọ́run tí ó fi egungun méjì sínú apá kan ni ó fún oníṣègùn ní ọgbọ́n. Sùúrù ni ipa ti aláìsàn.