Àgádágodo Buncefield

Nínú ilé tí wọ́n ti ń fa omi sí táńkì orí òrùlé, kò sẹ́ni tí kò mọ igbe yìí: "Ẹ pa pọ́ǹpù o, táńkì ti kún!" Omi lásán ló dà, ilẹ̀ á mu ún. Tó bá jẹ́ bẹntiróòlù ńkọ́?

Bẹntiróòlù ló dà ní ọgbà epo Buncefield, nítòsí ìlú Hemel Hempstead ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní oṣù Kejìlá ọdún 2005. Níbẹ̀, ẹnikẹ́ni kì í gun táńkì lọ wòkè. Ìwọ̀n kan ló ń bá epo ròkè nínú táńkì, tó ń gbé nọ́ńbà sójú kọ̀ǹpútà. Bí ìwọ̀n bá ṣìnà, suwíìṣì kan wà lókè téńté tí kò bá a da nǹkan kan pọ̀. Gbàrà tí epo bá ti kàn án, ó yẹ kó pariwo, kó sì dá epo dúró fúnra rẹ̀.

Mọ́jú ọjọ́ 11, epo ń wọ táńkì 912. Ní nǹkan bí aago 3:05 òru, ìwọ̀n há. Epo ń gòkè, nọ́ńbà dúró gbọn-in. Ariwo ìkìlọ̀ tó gbára lé ìwọ̀n yìí náà ò lè dún, nítorí lójú ìwọ̀n, táńkì ò tíì kún. Láti ìparí oṣù Kẹjọ, ìwọ̀n ọ̀hún ti há lẹ́ẹ̀mẹ́rìnlá!

Ó ku suwíìṣì. Ó ní apá kékeré kan tí wọ́n fi ń dán an wò, àgádágodo ló sì yẹ kó gbá apá náà mú síbi tó ti lè ṣiṣẹ́. Àwọn tó ń bójú tó o rò pé nítorí olè ni, wọn ò fi í sí i. Apá náà ò dúró síbi tó yẹ, suwíìṣì ò sì ṣiṣẹ́. Èmi ò dá wọn lẹ́bi tán. Ẹni tó ta ẹ̀rọ tí kò ṣàlàyé rẹ̀ yékéyéké, ó lọ́wọ́ nínú ẹ̀.

Kí aago mẹ́fà tó lù, epo ti ń dà gba ihò orí táńkì. Bẹntiróòlù tó já láti òkè bẹ́ẹ̀, tó ń ta sára irin, á fọ́ wẹ́wẹ́ bí òjò winniwinni, á sì yára di gáàsì. Gáàsì yìí wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ilẹ̀ ló ń fà. Òru ọ̀hún tutù, atẹ́gùn ò fẹ́. Kámẹ́rà ọgbà rí i bí ìkùukùu funfun tó ń rọ́ lọ sójú títì. Ó lé ní 250,000 lítà tó dà.

Ní aago 6:01, gáàsì náà gbiná. Ènìyàn 43 fara pa. Ọjọ́ Àìkú ni, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ àyíká ṣófo, ẹnikẹ́ni ò kú.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ni ilé epo, kí táńkà tó já epo, ẹ fi ọ̀pá wọn àyè tó kù nínú táńkì ilẹ̀ yín. Tẹ́ ẹ bá sì ní suwíìṣì, ẹ dán an wò lónìí, kẹ́ ẹ tún wò ó bóyá ẹ dá a padà sáyè rẹ̀.