Ipò Adìẹ Nínú Ìwádìí Àrùn Àtọ̀gbẹ

Kí a tó lè fi ẹranko kan ṣe àpẹẹrẹ ara ènìyàn nínú ìwádìí, ó yẹ kí àrùn náà rìn lára rẹ̀ bí ó ti ń rìn lára ènìyàn. Ti adìẹ kò rí bẹ́ẹ̀. Kí ènìyàn tí ara rẹ̀ le tó jẹun òwúrọ̀, ṣúgà inú désílítà ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kan kì í sábà ju 100 mílígíráàmù lọ. Ti adìẹ a máa tó 200 sí 250, síbẹ̀ ara rẹ̀ dá ṣáṣá.

Ní 1889, Oskar Minkowski àti Josef von Mering yọ pánkíríásì, ẹ̀yà ara tí ń pèsè ínsúlíìnì, kúrò nínú ajá ní Strasbourg; àtọ̀gbẹ mú un. Ní 1962, Mikami àti Ono yọ apá pánkíríásì adìẹ tí gúlúkágọ̀nì, oje tí ń gbé ṣúgà ga, ti ń wá jù lọ. Ṣúgà àwọn adìẹ náà já wálẹ̀, wọ́n sì kú. Èyí fi hàn pé gúlúkágọ̀nì ni òpó tí ó di ṣúgà adìẹ mú. Bákan náà, streptozotocin, tí ń fa àtọ̀gbẹ sára eku, kì í fi bẹ́ẹ̀ ràn án.

Nítorí náà, adìẹ kò lè rọ́pò eku níbi ìdánwò oògùn. Ṣùgbọ́n ṣúgà tí ń ba ojú àti kíndìnrín alátọ̀gbẹ jẹ́ ni adìẹ ń gbé kiri láìṣàìsàn. Ohun tí ó ń dáàbò bò ó gan-an ni ó yẹ kí ìwádìí máa wá lára rẹ̀.