Lórí Yìnyín North Bay, Ẹsẹ̀ Ló Kọ́kọ́ Ń Kọ́ṣẹ́

Ẹ ó gbọ́ ìró bàtà kí ẹ tó rí ọmọ kankan. Rọ́bà ni wọ́n tẹ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kí ẹnu irin tó wà nídìí bàtà má baà kú, síbẹ̀ gbì, gbì, gbì ni ẹsẹ̀ wọn ń dún bí wọ́n ṣe ń jáde láti yàrá ìmúra pẹ̀lú akoto lórí. Àwọn kan ń gbá họ́kì, àwọn kan ń ṣe ringette. Ọ̀pá wọn lẹ ó fi dá wọn mọ̀. Ti họ́kì tẹ̀ nídìí. Ti ringette gún láti òkè délẹ̀, nítorí òrùka rọ́bà ni wọ́n fi ń ṣeré, inú ihò rẹ̀ ni wọ́n sì ń ki ọ̀pá bọ̀ láti fà á.

Ìlú yìí gan-an, North Bay ní ẹkùn Ontario ní Kánádà, ni Sam Jacks ti dá ringette sílẹ̀ ní 1963 fún àwọn ọmọbìnrin. Òun ló ń bójú tó ètò eré ìdárayá ìlú nígbà náà.

Zamboni, ẹ̀rọ tó ń tún ojú yìnyín ṣe, ṣẹ̀ṣẹ̀ parí iṣẹ́. Omi gbígbóná ló ń dà sẹ́yìn bó ṣe ń lọ: omi náà á yọ́ ojú yìnyín díẹ̀, á wọ inú gbogbo ọgbẹ́ tí bàtà ti dá sí i, á sì dì mọ́ ọn. Pápá náà ń dán gbinrin, 200 ẹsẹ̀ bàtà ní òró, 85 ní ìbú.

Olùkọ́ fọn fèrè. "Ẹ kó ọ̀pá sí ẹ̀gbẹ́ ògiri!"

Ọmọkùnrin kan di tirẹ̀ mú títí olùkọ́ fi gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Nǹkan tí mo wá wò nìyẹn. Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ wọ̀nyí ti ń gbìyànjú láti gbá góòlù kí ẹsẹ̀ wọn tó lè gbé wọn débi góòlù, ọ̀pá ni wọ́n sì ń fara tì kí wọ́n má baà ṣubú.

Kòtò tẹ́ẹ́rẹ́ kan gba àárín ìsàlẹ̀ irin bàtà kọjá láti iwájú dé ẹ̀yìn, òun ló fi ní ẹnu méjì: ẹnu inú àti ẹnu òde. Gbogbo ọmọ ló lè dúró lórí ẹnu inú. Ẹnu òde ni ìbẹ̀rù wà, torí èèyàn gbọ́dọ̀ fara tẹ̀ sí ìta ẹsẹ̀ kan ṣoṣo, níbi tí ẹsẹ̀ kejì kò ti lè gbà á sílẹ̀. Olùkọ́ ní kí wọ́n fi ẹsẹ̀ kan yí òbìrípo tí wọ́n kùn sójú yìnyín po. Wọ́n ṣubú lọ bẹẹrẹ. Kò bá ẹnikẹ́ni wí.

"Orúnkún!" ló ń pariwo ṣáá. Ẹni tó nà ṣánṣán kò ní agbára kankan nípamọ́. Ẹni tó ká orúnkún ló lè na ẹsẹ̀ tán. Ẹ wo ibi tí ẹsẹ̀ ń nà sí pẹ̀lú. Lórí ilẹ̀, ẹ̀yìn là ń ti ilẹ̀ sí tí a bá ń sáré. Lórí yìnyín, bí o bá tì í sẹ́yìn gbọnrangandan, irin á kàn yọ̀ lọ ni. Ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n ń tì í sí, ara á sì lọ síwájú.

Eré ijó orí yìnyín ni olùkọ́ yìí ti wá, bíi púpọ̀ nínú àwọn tó la ọ̀nà iṣẹ́ yìí. Laura Stamm ló kọ́ Bob Nystrom ti ẹgbẹ́ họ́kì New York Islanders ní ìrìn orí yìnyín ní àwọn ọdún 1970. Nystrom yìí ló gbá góòlù tó fún wọn ní ife-ẹ̀yẹ Stanley ní 1980. Barbara Underhill, tí òun àti Paul Martini gba ipò kìíní lágbàáyé ní 1984, náà ti kọ́ àwọn ẹgbẹ́ inú líìgì họ́kì NHL. Inú mi ń dùn sí i gidigidi pé obìnrin ló wọ àárín àwọn ọkùnrin tó gbójú lé agbára apá, tó sì kọ́ wọn ní ìrìn.

Ó kan dídúró lójijì. Ọmọ kọ̀ọ̀kan ló ní apá tó mọ́ ọn lára, apá kejì ni olùkọ́ sì ń béèrè.

"Bọ̀dá, ẹ wo ọmọ mi," ìyá kan tó gbọ́ mi tí mò ń sọ Yorùbá lórí fóònù pè mí lẹ́bàá gíláàsì. "Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, apá ọ̀tún nìkan ló lè yí sí dúró. Ẹ wò ó, ó ti ń ti òsì ṣe é." Ó ní àwòrán Jarome Iginla, gbajúmọ̀ nínú họ́kì, ló wà lára ògiri yàrá ọmọ náà. Ọmọ Yorùbá ni bàbá Iginla. Ní ìdíje họ́kì Òlíḿpíìkì 2010, bí Iginla ṣe ń ṣubú lọ ló ta pọ́ọ̀kì, rọ́bà pẹrẹsẹ tí wọ́n ń gbá, fún Sidney Crosby, ìyẹn sì gbá góòlù tó fún Kánádà ní àmì-ẹ̀yẹ wúrà.

Ìgbà tó kù díẹ̀ kí àkókò pé ni wọ́n tó dá ọ̀pá padà. Nínú ringette, ẹni tó ní òrùka kò gbọdọ̀ gbé e kọjá ìlà búlúù fúnra rẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ jù ú fún ẹlòmíràn, onítọ̀hún sì ní láti ti sáré débẹ̀. Ìdí nìyí tí ẹsẹ̀ àwọn ọmọbìnrin wọ̀nyí fi yá tó bẹ́ẹ̀. Olùkọ́ fi àwọn ọmọ họ́kì sínú eré náà. Ọmọbìnrin kan tó kéré sí gbogbo wọn já wọn sílẹ̀ níbi ìlà, ó gba òrùka, ó sì yí sí apá ọ̀tún dúró.

"Ó dára," olùkọ́ wí. "Tún un ṣe. Apá òsì."